Ẹni Tí Kò Kágò Nílé Bàbá Rẹ̀

Lámídì dírẹ́bà ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ìtàn tó gbé mi dé iyàrá yìí fún mi. Iyàrá àwọn tí adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún ni. Mi ò dárúkọ Lámídì láti di ẹ̀bi rù ú o. Ìtàn lásán ló sọ. Èmi ni mo gbé ìtàn náà relé, tí mo fún un lóúnjẹ, tí mo fún un lómi, títí ó fi tóbi jù mí lọ.

Bí mo bá na apá mi méjèèjì níbí, ìka mi á kan ògiri lọ́tùn-ún, á kan án lósì. Fèrèsé kan wà lókè tí mo fi ń rí ojú ọ̀run, ojú ọ̀run náà kò sì ju ìwọ̀n aṣọ ìnujú lọ. Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n ti ń retí okùn kí wọ́n tó bí wọ́dà tó ń ṣọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́. Bí gèètì irin bá dún ní àkókò tí kì í ṣe àkókò oúnjẹ, gbogbo wa á dákẹ́, ẹni tó ń wúkọ́ pàápàá á gbé ikọ́ rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ikú kọ́ ló le jù níbí. Ohun tó le jù ni pé ọjọ́ lè mọ́, kó ṣú, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé, “Ṣé o jí ire?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún adájọ́. Irọ́ ni. Mo fẹ́ sọ òótọ́ rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná. Ẹ má kán mi lójú. Ẹni tó wà níbi tí mo wà kò ní ibi tó ń kánjú lọ.

Òkè Àrin ni mo ti ń tajà, mílíìkì, ṣúgà, bisikíìtì, ohun mímu inú páálí. Ilé bàbá wa wà ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Bàbá wa ló kọ́ ọ, aránṣọ ni, láti Ìjẹ̀bú ló ti wá sí Èkó. Ojú ilé náà kọ sí òpópó kan, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí òmíràn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló sì la àárín rẹ̀ já. Ẹni tó bá ń ti òpópó kan bọ́ sí èkejì, inú ilé wa ló ń gbà. Ẹlẹ́ja gbà á, ọmọ iléèwé gbà á, ààfáà tó ti pẹ́ fún ìrun gbà á, ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí òjò ba irun òun jẹ́ gbà á. “Ẹ kú ilé o.” “Ẹ kú ìrìn.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa láti àárọ̀ dalẹ́. Bàbá wa á jókòó sídìí máṣínnì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní gbójú sókè, ẹsẹ̀ ni yóò máa wò. “Ìyá Sílífá, orúnkún yẹn ò tíì san ni?” Ìyá Sílífá á ní, “Baálé ilé, ẹ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, ẹ wo aṣọ tẹ́ ẹ̀ ń rán.”

Àwọn kan sọ fún bàbá wa pé kó ti ọ̀nà yẹn. Ó ní, “Ilé tí èèyàn ń gbà kọjá bí eléyìí, níbo lolè fẹ́ dúró sí?”

Bàbá wa kú, wọ́n sin ín. Ilé kan mi. Ọ̀nà náà ò tì.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ọmọ àdúgbò méjì ń lé ara wọn, wọ́n sì ya wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa bí omi òjò. Mo jáde sí wọn. Mo ní, “Kí ló dé? Ilé ẹlẹ́ni nìyí o!” Ọ̀kan nínú wọn yí padà, ìgò fífọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ wọlé.”

“Ta ló bí ẹ, tí wà á fi ní kí n wọlé nínú ilé bàbá mi?”

Ó fọ́ mi létí. Ó tún sáré lọ bí ẹni tó lu eṣinṣin pa lásán. Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà iyàrá, ó ń bó ẹ̀wà. Ìyá ẹlẹ́ja kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí. Àwọn méjèèjì wolẹ̀ kíákíá, bí ẹni tí kò rí nǹkan. Ìgbátí yẹn ò dùn mí tó wíwolẹ̀ tí wọ́n wolẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, Lámídì wá ra mílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi àti Lámídì jọ dàgbà ní àdúgbò ni, ó wá ń wa mọ́tò fún ọ̀gá olówó kan ní Ìkòyí.

“Alájì,” ó ní. Mi ò dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n ní Òkè Àrin, ẹni tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù tó sì yọkùn díẹ̀, Alájì ni. “Alájì, mo gbọ́ pé wọ́n fọ́ ẹ létí.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ta ni ò sọ fún mi? Wò ó, ọ̀gá tèmi ò lè gba irú ẹ̀ láyé. Àwọn mẹ́ta fo fẹ́ǹsì wọlé wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀gá wà nínú pijáámà, ó ń mu tíì. Ó kàn ki ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀, ó fa ìbọn ìléwọ́ yọ. Kò yìn ín o! Ó kàn fi hàn wọ́n ni. Wàláhì, fẹ́ǹsì tí wọ́n fò wọlé náà ni wọ́n fò jáde. Ọ̀kan fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Gádínà ló ń wọ bàtà yẹn báyìí.”

“Bàtà ẹsẹ̀ kan?”

“Ẹsẹ̀ yẹn ló ń dùn ún tẹ́lẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lámídì lọ tán, ẹ̀rín lọ, gbólóhùn kan kù sí mi létí: Kò yìn ín o, ó kàn fi hàn wọ́n ni. Mo rò ó pé bí mo bá ti ní irú ẹ̀ lọ́wọ́ ní Sátidé, ọmọ yẹn ni ì bá wolẹ̀, kì í ṣe ìyàwó mi.

Ohun tí mi ò rò nìyí. Ilé ọ̀gá yẹn ní gèètì kan, ó ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tí kò bá gba gèètì wọlé níbẹ̀, olè ni, kò sí àríyànjiyàn. Ilé tiwa ńkọ́? Ta ni kì í wọ ilé wa? Ọgbọ́n Ìkòyí ni mo gbé wá sí Ìsàlẹ̀ Gángan. Mo gbé e wá láì gbé fẹ́ǹsì rẹ̀ wá.

Mi ò ní sọ ibi tí mo ti rà á, kí ẹlòmíì má baà gba ọ̀nà ibẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ ni. Mi ò gba ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ ìjọba. Ó wúwo ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Mo fi í sínú agolo bisikíìtì, mo gbé agolo náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo kó fìlà lé e. Mo sọ fún ara mi pé ó wà níbẹ̀, ó tán. Kí n tó mọ̀, mo ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti nù ún. Kò pẹ́, ó kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó bọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Láti dúrọ́ọ̀, ó bọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò lè sọ ọjọ́ tí mo pinnu rẹ̀. Bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń rákò bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ẹni tó bá sì ní ìbọn nílé ò lè jókòó kí ẹsẹ̀ àjèjì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá dún, ọkàn mi á sáré lọ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo bá pe ajórin, ó ṣe ilẹ̀kùn irin síwájú. Mo fi ìdábùú há ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọ̀nà tì. Àwọn ẹlẹ́ja ń yí po gba òpópó ńlá. Ọ̀kan dúró níwájú ilé, ó gbé igbá lórí, ó ní, “Alájì, ṣé ẹ ti gbé ilé yín lọ sí Ìkòyí ni? Ẹ bá wa kí wọn níbẹ̀ o!” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í kí mi bí wọ́n ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan wà tí mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sọ “ẹ kú ilé” fún mi títí ìrun Mọ̀gàríbì.

Ìyàwó mi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tó rí i.

“Bàbá Káfílá, kí lèyí?”

“Gbé e sílẹ̀.”

“Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní kí ni?”

“Ààbò wa ni.”

“Ààbò ta? Èmi tí mò ń sùn tì yín? Wọ́n fọ́ yín létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ lọ gbé ikú wálé kó wá máa bá wa jẹun!”

“Obìnrin ò mọ ohun tójú ọkùnrin ń rí.”

“Mo mọ ohun tójú mi rí. Abẹ́ ìrọ̀rí ló wà. Ẹ gbé e dànù, Bàbá Káfílá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

Mo ní mà á gbé e dànù. Mi ò gbé e. Ní ọjọ́ kẹta ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ bá Káfílá, ọmọ wa, tọ́jú ọmọ tuntun ní Ìkòròdú. Ọmọ tuntun náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà yẹn. Mo mọ̀, òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Mo gbé báàgì rẹ̀ sínú mọ́tò fún un. Mo ní, “Bá mi kí wọn.”

Àwọn ayálégbé méjèèjì tó wà lẹ́yìn kó lọ kí oṣù náà tó parí, nítorí wọn ò lè fara da kí n máa bi wọ́n pé “ta nìyẹn” nígbàkigbà tí wọ́n bá ti balùwẹ̀ bọ̀. Ó wá ku èmi nìkan nínú iyàrá mẹ́jọ. Mo máa ń se ìrẹsì tó pọ̀ jù, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń se ti ẹnì kan. Mo ń tan rédíò sílẹ̀ kí ohùn èèyàn lè wà nílé, mo sì tún ń pa á, kí n lè gbọ́ bí ẹnì kan bá ń bọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Sìkírátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Síkí. Ọmọ ìyá mi ni. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun ló gbà mí tọ́, òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń bá mi ja ìjà mi ní iléèwé. Ó lọ sílé ọkọ ní Ẹbúté Mẹ́ta, ọkọ náà kú, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá sí Ìsàlẹ̀ Gángan pẹ̀lú abọ́ mósà gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín, tí yóò fi ṣe sàrà fún bàbá wa. Á jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa pín in fún àwọn ọmọ òpópó. Bí ó bá ti dé, á kàn wọlé ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: àlejò ló ń kágò. Ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà pe “àgò o”, kó wá máa retí “àgò yà”.

Ní Jímọ̀ tó kọ́kọ́ bá ilẹ̀kùn irin níbẹ̀, ó mì í jìgìjìgì. “Ta ló wà nínú ẹ̀wọ̀n yìí o?” Mo ṣí i fún un. Ó wọlé, ó pín mósà rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì, mo gbàgbé láti ti irin náà, ó wọlé, ó sì yọ sí mi lẹ́yìn nínú iyàrá. Mo fò sókè, ọwọ́ mi ti ń wá abẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ṣùgbọ́n ìbínú ni mo fi bo ẹ̀rù yẹn. Mo tẹ̀lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ti tò, tí oníbàtà àti obìnrin tó ń ta omi ti ń wò wá láti òdìkejì.

“Àǹtí Síkí, ẹ má bínú. Láti òní lọ, ẹni tó bá ń bọ̀ nílé yìí, kó dúró síta, kó kágò, kó gbọ́ èsì kó tó wọlé.”

“Ó dáa. Sọ fún àwọn àlejò ẹ.”

“Gbogbo èèyàn ni, Àǹtí.”

Ó gbé abọ́ sílẹ̀. “Tó fi mọ́ èmi?”

“Tó fi mọ́ ẹ̀yin.”

“Èmi Sìkírátù! Kí n dúró síta ilé tí wọ́n ti ri ìwọ́ mi mọ́lẹ̀, kí n máa ké àgò! Bàbá wa á dìde nínú sàréè, á ní, ‘Ta nìyẹn? Ta lẹ̀ ń bèèrè?’”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Oníbàtà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tún gbóná níbi tí ọmọ yẹn ti fọ́ mi létí.

“Ayé ti yí padà. Nǹkan wà nílé yìí báyìí. Ẹni tí kò bá kágò, ohun tójú ẹ̀ bá rí, kó má bi mí.”

“Mo ti gbọ́ nípa nǹkan náà lẹ́nu ìyàwó ẹ. Òun lo fẹ́ fi dẹ́rù bà mí? Ìwọ tí mo nùdí fún?” Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ mósà kan sí méjì, ó fún àwọn ọmọ méjì tó kù. “Ọjọ́ tí mo bá kágò nílé bàbá mi, kí wọ́n lọ ra aṣọ òkú fún mi.”

Ó lọ. Gbogbo òpópó ló gbọ́ ohun tí mo wí. Ẹ fi gbólóhùn mi yẹn sọ́kàn, nítorí oníbàtà àti obìnrin olómi sọ ọ́ ní kọ́ọ̀tù bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, wọn ò fi kún un, wọn ò yọ nínú ẹ̀.

Jímọ̀ mẹ́ta kọjá, Àǹtí Síkí ò wá. Àwọn ọmọ á dé iwájú irin, wọ́n á wo inú, wọ́n á padà. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ nọ́ńbà rẹ̀ lórí. Mo retí kó pè mí, òun náà retí kí n pè é, àwa ọmọ ìyá kan náà, olóríkunkun méjì.

Jímọ̀ kẹrin ni. Mo ti kírun dé. Iná ò sí, ooru mú, mo ti pa rédíò. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, mo kọjú sí ilẹ̀kùn tó dúdú, ìbọn náà wà ní itan mi. Kì í ṣe pé mo gbọ́ nǹkan kan o. Ó ti di bí mo ṣe ń jókòó nìyẹn.

Mo wá gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Mo ní láti dúró díẹ̀ níbí kí n sọ ìwà ilẹ̀kùn yẹn fún yín. Igi ìrókò ni, ó dàgbà jù mí lọ. Bí wọ́n bá fi ìdábùú há a látinú, ẹni tó wà níta lè gbé e sókè díẹ̀ lórí ìdè rẹ̀, kó fi èjìká tì í sọ́tùn-ún, ìdábùú náà á já bọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Síkí wà lọ́mọge, tó máa ń pẹ́ lóde, ló rí ọgbọ́n yẹn. Ó fi hàn mí kí n má baà fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bàbá wa kú, kò mọ̀. Ìyàwó mi ò mọ̀. Èèyàn méjì ló mọ̀ ọ́n láyé. Ajórin ní kí n jẹ́ kóun pààrọ̀ rẹ̀ sí irin, mo ní kó fi í sílẹ̀. Bóyá mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣì lè wọlé wá bá mi. Mi ò mọ̀ mọ́.

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn náà gbéra sókè. Kò fọ́, kò gbá. Ó gbéra ni. Olè kì í gbé ilẹ̀kùn sókè. Mo gbọ́ èjìká tó tì í. Kí ìdábùú tó já, òórùn mósà ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Ohun tí mi ò sọ fún adájọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé òun ni.

Mo lè ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin ni?” Kò ju èémí kan lọ. Mi ò sọ ọ́. Inú ń bí mi pé ó tún fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Mo rí i lọ́kàn bí yóò ṣe jókòó lọ́la láàárín àwọn èèyàn, tí yóò ní, “Mo wọlé, mi ò kágò, kí ló ṣe?” Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni. Ẹni tó fẹ́ dẹ́rù ba èèyàn á yin ìbọn sókè àjà. Èmi ò yìn ín sókè àjà.

Ìdábùú já bọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé, òun wà láàárín rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bọ̀. Mo yìn ín.

Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀. Mo ti ju ìbọn náà nù, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo ń pariwo pé ẹ gbà mí. Kò sẹ́ni tó lè gba iwájú wọlé, mo ti ti irin. Kí wọ́n tó yí po gba ẹ̀yìn, ó ti tutù.

Ọlọ́pàá ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀?” Mo ní, “Mo rò pé olè ni.” Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú. Láti ìgbà náà, mo sọ ọ́ fún lọ́yà, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo gbé Kùránì lọ́wọ́ ní kọ́ọ̀tù, mo sọ ọ́. Adájọ́ wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ní ẹni tó ti kéde lójú ọ̀pọ̀ èèyàn pé ohun báyìí lòun ó ṣe, tó sì ṣe é, ó ti mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn kan ní ìdájọ́ náà le jù. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò le jù.

Ẹnì kan gbà mí gbọ́ pátápátá. Táwà ni, àkọ́bí Àǹtí Síkí. Ó dúró ní kọ́ọ̀tù, ó ń sunkún, ó ní Ọ́ńkù òun ò lè mọ̀ọ́mọ̀ pa ìyá òun láyé. Nígbà tí ìyàwó mi ò lè wò mí lójú mọ́, Táwà ń wá. Oṣooṣù ló ń wá, pẹ̀lú ọṣẹ, pẹ̀lú oúnjẹ. Á ní, “Ọ́ńkù, ẹ ti rù. Ẹ jẹun dáadáa, kí màmá mi má baà bínú sí mi.” Ìdárìjì rẹ̀ ni mo fi ń gbé inú iyàrá yìí. Irọ́ mi ni mo sì fi rà á.

Lẹ́yìn náà ni lọ́yà mi mú ìwé wá, ti ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó ní ọ̀nà wà. Kí n kàn tún fọwọ́ sí i pé mi ò mọ ẹni tó ń bọ̀, wọ́n lè yí ikú náà padà. Mo mú bírò. Mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ní kó lọ ná.

Ní oṣù yẹn, nígbà tí Táwà dé, mo sọ ti ilẹ̀kùn náà fún un. Mo sọ ti mósà.

Ó ní, “Ẹ mọ̀ pé àwọn ni.”

“Mo mọ̀.”

“Kí wọ́n tó wọlé.”

“Kí wọ́n tó wọlé, Táwà.”

“Ọ́ńkù, kí lẹ wá ń sọ ọ́ fún mi sí? Mo ti sun ẹkún mi tán. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni?”

Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fi abọ́ oúnjẹ náà sílẹ̀, ó lọ. Wọ́dà gbé oúnjẹ náà wá fún mi. Kò ṣeé jẹ, kò sì ṣeé dànù. Oṣù mẹ́jọ rèé. Táwà ò wá mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì wá. Mo dá ìwé lọ́yà padà fún un láì fọwọ́ sí i. Ó ní mo ti ya wèrè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́, mo ń sùn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù. Èkó ń dẹ́rù bani, ìgbátí sì ń dùn. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ ké, ẹ pe aládùúgbò, ẹ ti ilẹ̀kùn bí ó bá yẹ ní títì, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín kó sì kọjá. Ìtìjú ń kọjá, mo búra fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìbọn sínú ilé, ẹnì kan ló ń retí. Yóò máa retí rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò máa fetí sílẹ̀ dè é, títí ẹnì kan yóò fi dé lóòótọ́. Olè ò wá sọ́dọ̀ mi rí. Àwọn tó ń wọlé wá bá wa kò pọ̀ láyé, àwọn tó fẹ́ràn wa ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, tó ti ń wá ẹni tí yóò bá ọ rà á, ta lò ń retí?